Wọ́n Ti Kọ Aago Mẹ́fà Sílẹ̀

Èmi ni mo pe obìnrin náà wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹrù ẹ̀bi ni mo fẹ́ dì lé ẹlòmíì lórí. Èmi Almas Bhatti, sístà àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ ní ìlú Sukkur, èmi ni mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ fi ìjáfara pa mí. Fònídónìí-fọ̀ladọ́la ni gbogbo wọn. Ìwé tó yẹ kí wọ́n kọ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n á tó gbé e wá, tíì á sì ti dà sí i.

Mehwish ló burú jù nínú wọn. Ọmọ ogún ọdún ni, ó wà ní ọdún kẹta. Bí mo bá ní kó lọ wọn ooru ara aláìsàn mẹ́rìnlá, ọ̀dọ̀ ẹni kẹta ni màá ti bá a, tó fi tẹ̀mómítà sábíyá onítọ̀hún, tó ń dúró títí ó fi pé, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìyá ọkọ. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi dọ́ba, mo ju ìwé rẹ̀ sí kọ́rídọ̀. Mo ní, "Bí o bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, o ò ní jókòó ìdánwò ọdún yìí. Wàá padà lọ bá bàbá ẹ gbálẹ̀!"

Títì ìlú ni bàbá rẹ̀ ń gbá. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọmọ náà kò bá di nọ́ọ̀sì, ìgbálẹ̀ náà ló kàn án. Mo mọ̀, mo sì sọ ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Madam Farzeen, obìnrin tí mo ní mo pè wá yẹn, ṣe dé láti Karachi. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn bí a ṣe ń lo àkókò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ wọn, gbogbo Ọjọ́rú. Ó gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri, orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì parí iṣẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó, wọ́n á lẹ ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà mọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹni tó ṣe é lásìkò ti pẹ́. Ẹni tó ṣe é ṣáájú àsìkò ló ṣe é lásìkò." Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú ò tì mí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sẹ́ni tí ìràwọ̀ rẹ̀ tó ti Mehwish. Ìwé rẹ̀ mọ́, kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní beti, ìyẹn ọmọbìnrin mi. Mo ń fi í halẹ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Ní Ọjọ́rú tó parí ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní aago mẹ́rin ààbọ̀ làwọn máa fún Mehwish ní ẹ̀bùn ní gbọ̀ngàn. Tíì wà, samósà wà. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wọ wọ́ọ̀dù pé kí n mú ọmọ mi lọ gba ẹ̀bùn. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti wà ní gbọ̀ngàn tipẹ́. Ó ti débẹ̀ ṣáájú àsìkò.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n kúkú wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó lọ. Mo gbé ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Aago mẹ́wàá àárọ̀, 98.4. Aago méjì ọ̀sán, 98.6. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, 98.4.

Mo wo aago ọwọ́ mi. Mo tún wo ìwé. Mo sáré gbé ti bẹ́ẹ̀dì kẹwàá, ti ìkọkànlá, ti gbogbo wọn. Aago mẹ́fà tí kò tíì dé, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

"Sístà, ẹ dákun, ẹ wá wo ọmọ mi." Mai Jamul ló ń pè mí, ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Amma, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, tó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Sabhagi lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọmọbìnrin ló bí ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, àkọ́bí rẹ̀. "Ó ti ń gbọ̀n látìgbà tí wọ́n ti pe ìrun Àìlà ọ̀sán."

"Àìlà! Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Amma?"

"Mo sọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún ọmọ yẹn. Ó ní, 'Amma, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti kọ ọ́, ara rẹ̀ yá.' Èmi tí ò mọ̀wé, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ìwé jiyàn?"

Mo fọwọ́ kan Sabhagi. Ó gbóná bí irin tí a fi ń yan rótì. Mo fi tẹ̀mómítà sí i, ó fi 104 hàn, nígbà tó jẹ́ pé 98 ló yẹ kó jẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ojú rẹ̀ ń yí, òórùn tó jáde nígbà tí mo ká aṣọ rẹ̀ sókè kì í ṣe òórùn tí nọ́ọ̀sì máa ń gbàgbé: ilé ọmọ rẹ̀ ti ń jẹrà. Mo pariwo pe Dókítà Khoso.

Dókítà dé, ó na ọwọ́ sí ìwé. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ó kà á, ó sì gbójú sókè wò mí. "Sístà Bhatti, aago mélòó la wà yìí?"

"Mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Ìwé yín ní ara rẹ̀ yá ní aago mẹ́fà. Ṣé ilé ìwòsàn la wà ni, àbí ilé aríran?" Kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ti ń gbé Sabhagi lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé gbọ̀ngàn. Mehwish wà ní àga iwájú, samósà lọ́wọ́. Mo na ìwé náà sí i lójú.

"Ta ló wọn ti aago mẹ́fà?"

Ó dìde. "Sístà, mo máa lọ wọ̀n ọ́n tó bá yá. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kí n má baà pẹ́."

"Ti aago méjì ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Àárọ̀ ni mo kọ ọ́."

Madam Farzeen dìde. "Sístà, ẹ rọra. Èmi ò kọ́ wọn pé kí wọ́n máa purọ́ o."

"Ẹ ò kọ́ wọn. Ìràwọ̀ lẹ kàn fún wọn nígbà tí wọ́n pa irọ́ náà!"

"Ẹ wò ó, ìwé ìwádìí wa wà níbí. Ìjáfara ti dín kù gan-an—"

"Ó dín kù lóòótọ́! Wọ́n ti wá ń yára pa èèyàn báyìí!"

Mo yíjú sí ọmọ náà. Ọwọ́ mi ti gbéra, ká má purọ́, mo fẹ́ gbá a létí. Kò sá. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ gbá mi, Sístà. Nígbà tí mò ń wọ̀n wọ́n lóòótọ́, ẹ ju ìwé mi síta. Ẹ ní kí n lọ bá bàbá mi gbálẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ lẹ tó pè mí ní beti."

Ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀. Inú ṣì ń bí mi, mi ò kàn mọ ẹni tí mo ń bá bínú mọ́ ni. Mo jáde.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Dókítà Khoso tó jáde. Sabhagi kò kú. Wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. "Ká ní ẹ pè mí ní aago méjì," ó ní, "abẹ́rẹ́ nìkan ni ǹ bá gún fún un." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dànù, ó sì lọ.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣe mí lóore, ó ń pè mí ní Baji, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Baji Almas, ẹ kọ ìwé tuntun. Ẹ fi ibà sí aago méjì, ẹ ní a ń tọ́jú rẹ̀. A ó dá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn dúró, ọ̀rọ̀ á sì parí." Mo sọ fún un pé kí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà á. Mo ti ìwé náà bọ àpò, mo padà sí kọ́rídọ̀.

Mai Jamul fẹ́ kírun Magaribi. Ó gbé ọmọ fún mi, ó tẹ́ aṣọ orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà sùn lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó kírun tán, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Sístà, ẹ mọ̀wé. Kí ni ìwé yẹn sọ nípa ìgbà tí wọ́n pe Àìlà?"

Mo fọwọ́ kan yọ ìwé náà lápò, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. "Ó ní ara rẹ̀ yá, Amma."

"Ọmọ yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni. Ṣé kò sí àgbà tó ń wo ohun tí ọmọdé kọ ni?"

"Ó wà. Sístà wọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tó bá ti wo gbogbo rẹ̀."

"Ṣé ó fọwọ́ sí i?"

Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n má baà pẹ́ níbi ayẹyẹ Madam Farzeen, mo ti jókòó sídìí tábìlì mi, mo ti fọwọ́ sí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan nínú wọn.

"Ó fọwọ́ sí i, Amma. Èmi ni."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi."