Àga tí Edith Ń Fọwọ́ Bà

Kí ló ń fi pa àga yẹn lára? Òróró ni, àbí... Rárá, ìgò òróró kì í kéré tó báyìí. Àbí ó máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀? Mojíbọ́lá, má sáré. Wò ó dáadáa kí o tó pe Pásítọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìwé orin mi ni mo wá mú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí n yọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí kò séèyàn, kí n mú ìwé orin mi, kí n máa lọ. Ìjọ Yorùbá mìíràn wà ní àdúgbò Awkunanaw tí wọ́n ti ń pè mí, ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀. Àfi bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí mo rí Edith, òun nìkan láàárín àga. Ó fọwọ́ ba ọ̀kan, ó sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fo méjì. Ó tún fọwọ́ ba òmíràn. Ìgbò ló ń sọ. Ta ló ń bá àga sọ̀rọ̀?

Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi, orúkọ Pásítọ̀ Adégbénga ti wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, yóò ní ìlara ni. Òun náà... "Mummy, ìjọ ń dàgbà." Ohun tó sọ nìyẹn lọ́jọ́ tó pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn Ìgbò ará Achara Layout tó ń wọlé ti pọ̀ ju àwa Yorùbá lọ, kí a sún ìsìn Yorùbá sí àfẹ̀mọ́júmọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgbò gba àárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sọ ọ́ o. Ọmọ tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà a máa mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀. Lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ló ti ní kí Edith máa ṣe olórí Ẹgbẹ́ Aládùúrà, kí èmi lọ sinmi. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ilé mi ni ìjọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ mi, ní Idaw River Layout. Edith fúnra rẹ̀, ta ló mú un wọlé? Òkè ilé wa ló ń gbé nígbà náà. Ó wá fi fóònù rẹ̀ sí iná jẹnẹrétọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó bá wa lórí àdúrà, ó jókòó. Bó ṣe jókòó náà nìyẹn. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nígbà tí mo dẹ́kun wíwá, tí mo ní orúnkún ń dùn mí, òun nìkan ló wá wò mí. Ó gbé okpa wá, oúnjẹ Ìgbò tó dà bíi mọ́ínmọ́ín. "Mummy, abeg chop am hot." Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ gbígbóná? Mo gbé e fún Festus tó ń ṣọ́ géètì wa. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣé ó kù. Kò ṣe é ní nǹkan kan... ṣùgbọ́n kì í kúkú ṣe orúkọ Festus ni wọ́n fi sè é. Ẹwàolúwa ọmọ mi kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Mummy, not everything is juju." Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì lá àlá. Kí ló mọ̀?

Ó ti dé ìlà kejì. Kí ló dé tó ń fo àwọn kan? Ó fo àga Díkínì Adébọ̀wálé. Ó fo ti ìyàwó rẹ̀. Ó fọwọ́ ba ti Olúbísí, tí àìsàn ti dè mọ́lé láti ìgbà Kérésì. Ó fọwọ́ ba ti Tẹniọlá, tí kò wá mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ti kọ́kọ́ ṣe gbogbo ìlà ẹ̀yìn, àwọn àga tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sí. Ó wá ń bọ̀ níwájú... Ó ń bọ̀ níbi tèmi.

Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló gbé lé àga mi. Kò pẹ́ tó báyìí lórí ti ẹlòmíràn, ẹ̀rù ń bà mí. "Mummy Mojí..." Ó dárúkọ mi. Mo gbọ́ ọ. Ó tán, Mojíbọ́lá, tẹ fóònù yẹn, tẹ̀ ẹ́ —

"Lọta."

Kí ló wí?

"Lọta, Mummy Mojí. Lọta."

Mo gbọ́ èyí. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ nínú ọgbà wa. Òun ni àwọn ìyá fi ń pe ọmọ wọn wálé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń ṣépè fúnni, ṣé ó máa ń peni wálé?

Dúró ná. Adébọ̀wálé kì í pa ìsìn jẹ, ìyàwó rẹ̀ náà kì í pa á jẹ. Olúbísí ò lè wá. Tẹniọlá ò wá mọ́. Ìlà ẹ̀yìn...

Pálọ̀ mi. Àwọn àga oníke tí a yá, tí ìdajì wọn ṣófo, tí ojú ń ti gbogbo wa. Wọ́n fẹ́ kó wọn jáde, èmi ni mo ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń gba iwájú: "Ẹ gbọ́wọ́ lé àga òfìfo. Ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ ń bọ̀." Àti òróró. Inú ìgò oògùn ikọ́ Ẹwàolúwa ni mo máa ń rọ ọ́ sí — ìgò kékeré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àga kún, mo jókòó síwájú, mi ò wẹ̀yìn mọ́.

Ta ni mo sì ń fojú inú rí nígbà yẹn? Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì láti Ìbàdàn. Olùkọ́ láti Iléṣà. Gbogbo wọn ló ń kí mi ní Yorùbá, gbogbo wọn ló ń kúnlẹ̀. Edith ò sí lára wọn. Edith ló wá jókòó.

Ó ti dìde. Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí àga mi, tí ìwé orin mi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì tẹ nǹkan kan. A kì í gbọ́wọ́ lé àga tó léèyàn. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Òfìfo nìkan là ń gbọ́wọ́ lé, nítorí ẹni tí à ń retí... Èmi ni wọ́n ń retí.