Wáyà Fìríìsà ní Ọjọ́ Májẹ̀mú

Orin kejì ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Yìnyín rántí áyọ́ọ̀nù.

Ìyá Yìnyín ni gbogbo yunifásítì ń pè é, nítorí pé òun ni olùtọ́jú fìríìsà ńlá tó wà ní yàrá ìwádìí àìsàn àwọn ọmọdé. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì fi àṣà kan lélẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yí padà: ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún, gbogbo òṣìṣẹ́, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí agbálẹ̀, a fi iṣẹ́ sílẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọn a péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti dá májẹ̀mú pẹ̀lú Ọlọ́run. Wọn a ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kì í jáde títí gbogbo ìjọ yóò fi dìde jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iná kò sí nílé rẹ̀. Òun ni yóò sì dá orin kẹta kọ. Ojú rẹ̀ kò lè gbà á láti dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú aṣọ tó hunjọ. Nítorí náà, ó gbé aṣọ akọrin rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ojú iná kan ṣoṣo ló wà nítòsí tábìlì. Ó yọ wáyà fìríìsà, ó ki ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ó pè é. Apá òsì ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ó yọ áyọ́ọ̀nù, ó gbé aṣọ wọ̀, ó sáré.

Ǹjẹ́ ó dá wáyà fìríìsà padà? Ó wá ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìrántí. Ó rí i bí ó ti ń de bọ́tìnnì. Kò rí i lára wáyà.

Ó tẹ̀ sí etí Ìyá Ìwé, alákòóso ilé ìkàwé, tó jókòó tì í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ jáde.”

“Jáde lọ síbo? Ìwọ lo ni orin tó kàn! Àbí ikùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?”

“Fìríìsà ni. N kò mọ̀ bóyá mo dá wáyà rẹ̀ padà.”

“Háà! Ìwọ tí o máa ń pariwo mọ́ gbogbo ayé nítorí ilẹ̀kùn fìríìsà! Jókòó jàre. Èmi náà rò láàárọ̀ yìí pé n kò ti ilẹ̀kùn ilé mi. Mo ti í.”

“Ẹ̀yin ti tiyín.”

Ẹ̀jẹ̀ irínwó ọmọ ló wà nínú fìríìsà náà, nínú àwọn ìgò tí kò gùn ju ìka lọ. Mẹ́rìnlélógún lára àwọn ọmọ náà ti kú. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún wá na apá. Ìwọ̀n ọgọ́rin sí ìsàlẹ̀ òdo ni òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá gòkè kọjá ọgọ́ta, ó parí.

Ó dìde. Bàtà rẹ̀ ń dún ko-ko-ko lórí símẹ́ńtì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ìwádìí náà wà ní ìlà kìíní. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

“Ìyá, ẹ̀yin náà mọ òfin,” ni aṣọ́lẹ̀kùn wí.

“Ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi, kí n tó figbe ta.”

Kò sí ẹ̀dá kan nínú ọgbà. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti gbọ́ ọ: agogo ìkìlọ̀ fìríìsà ń ké, tí-tí-tí, nínú ilé tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi fa ara rẹ̀ gòkè.

Wáyà náà wà nílẹ̀, lábẹ́ ìwé pélébé tí a fi gègé pupa kọ: MÁ ṢE YỌ WÁYÀ YÌÍ LÁÉLÁÉ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ó ki wáyà náà padà bọ ojú iná. Ó dijú kí ó tó wo nọ́ńbà, ó sì là á: mẹ́tàlélọ́gọ́ta sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ́ńjìnnì náà kùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fìríìsà ni ìwé róbótó kan wà, tí gègé ẹ̀rọ ń fa ìlà ìwọ̀n òtútù sí. Ìlà náà gún geerege títí di òwúrọ̀ yìí. Nísinsìnyí, ó ti gòkè bí àkàbà. Òun nìkan ló ń pààrọ̀ ìwé náà. Òmíràn wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó mú ìwé tuntun dání. Ẹsẹ̀ náà ń sún mọ́ tòsí. Ó dá a padà, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

“Èmi ni, sà. Mo yọ wáyà láti lọ aṣọ.”

“Aṣọ wo?”

“Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo nọ́ńbà, ó wo áyọ́ọ̀nù.

“Àwọn ọmọ náà ńkọ́, sà?”

“Ìwọ̀n mẹ́ta péré ló kù. Wọ́n ṣì wà.” Ó na bírò sí i. “Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé yẹn: aago tí ẹ yọ ọ́, aago tí ẹ dá a padà, àti orúkọ yín. Ìgbìmọ̀ yóò kà á lọ́la. Ohun tí wọn yóò ṣe, n kò lè sọ.”

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn Ìyá Ìwé gbé orin kẹta, ó sì ṣì í ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró àwọn ìjókòó: gbogbo ìjọ ti dìde láti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìyá Yìnyín gba bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó ìlà náà, níbi tí gègé ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.