Òwú Pupa Láàárín Ẹ̀mú

Ojú Nevena àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ọsibítù ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó wá kí aláìsàn. Èrò ń ti èrò, àpò oúnjẹ ń gbá èèyàn lórúnkún, wàrà kíkan ẹnìkan ti dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nevena ń ti kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin náà ń bá nọ́ọ̀sì ti bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá màmá mi lẹ́sẹ̀."

"Mo ti rí i, sà."

Ojú ọkùnrin náà mọ́ roro bí ojú ọ̀run tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni í gba oorun lójú ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ọkàn Nevena kò mì. Láti ọjọ́ kẹta oṣù Màáṣì tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ohun tó ń mì ín.

Kò pé wákàtí kan, gbogbo irinṣẹ́ ọjọ́ náà padà wá sí ìsàlẹ̀, sí yàrá tí Nevena àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fọ irinṣẹ́. Dókítà ti tú ìdì kan, ó rí fọ́nrán òwú pupa láàárín àwọn ẹ̀mú. Wọn kò la ìyá ọkùnrin náà mọ́. Wọ́n dá a padà sí wọ́ọ̀dù, tebi-tebi.

Níbi iṣẹ́ wọn, ohun gbogbo ló ní ètò. Wọn a rẹ irin sínú omi ọṣẹ, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì ha oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a ṣàn án, wọn a gbẹ ẹ́, wọn a fi awò wò ó, kí wọ́n tó fi aṣọ méjì dì í, kí wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ oru. Ẹni tó bá di ẹrù, á fọwọ́ síwèé. Kò sì gbọdọ̀ sí nǹkan kan lọ́rùn ọwọ́: ì báà ṣe aago, ì báà ṣe martenitsa, òwú pupa àti funfun tí olùfẹ́ ẹni ń so mọ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Màáṣì. A kì í tú u àfi téèyàn bá rí ẹyẹ àkọ̀ tàbí igi tó tanná. Orí igi náà ni wọ́n sì ń gbé e kọ́. Nítorí iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi tiwọn kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé.

Ti Nevena kò kan ìṣó rí. Abẹ́ ìbọ̀wọ́ ló ń fi í pa mọ́ sí. Ìyá rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, ó ku ọjọ́ méjì kó kú. Igi plọ́mù iwájú ọsibítù sì ti tanná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹnu ọ̀nà àwọn alágbàfọ̀ ni Nevena ń gbà wọlé, kó má bàa rí i.

"Gergana, ìwọ lo fọwọ́ sí ìdì yìí!" ni Tsvetana, ọ̀gá wọn, wí fún ọ̀dọ́mọbìnrin tó kéré jù láàárín wọn.

"Ọ̀gá, ẹ wo tèmi lórí ìṣó. Àbí ẹsẹ̀ ló fi rìn wọnú àwo?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Kí la wá ń bẹ̀rù gan-an? Ohun tó bá gba inú oru yẹn kọjá, bó jẹ́ àǹjọ̀nú, á ti jinná!"

"Ó jinná, àmọ́ òwú ni. Ṣé inú ìyá oníyàá ló yẹ ká rán an mọ́? Bí n kò bá rí ìwé àlàyé títí ọjọ́ Jímọ̀, o ń lọ nìyẹn."

Òótọ́ ni pé Gergana fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n kó tó di ìdì náà tán, ẹ̀rọ ké, ó sì sáré lọ ṣí i. "Àǹtí Nevena, ẹ bá mi dì í tán." Nevena ló dì í tán. Ó kọ lẹ́tà kan lọ́jọ́ kejì nígbà oúnjẹ ọ̀sán, pé òun ló ni òwú náà, ó sì fi í sápò. Ibẹ̀ ló wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá fi jíṣẹ́, wọn á ní kó tú òwú náà. Kò ronú kọjá ibẹ̀. Ó ń fọ irin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnìkan kan fèrèsé tí wọ́n ń gba ẹrù. Ọkùnrin ọjọ́sí ni.

"Ẹ̀yin lẹ ti kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Kamen lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé wọ́n fẹ́ lé ọmọ kan nítorí òwú ọjọ́ náà. Màmá mi ní kí n bẹ̀ yín, ẹ má lé ọmọ yẹn. Màmá gan-an ò gbà kí wọ́n tú òwú ọwọ́ wọn fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n láwọn ò tíì rí igi tó tanná. Ni mo bá lọ jí èyí ká fún wọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má sọ fún olùṣọ́ o."

Ó gbé ẹ̀ka plọ́mù sókè. Òdòdó funfun bò ó láti ìdí dé orí.

Nevena rí i. Kò sí bó ṣe lè sọ pé òun ò rí i.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ jáde. Òwú náà ti ṣá, apá pupa rẹ̀ ti tú fúlẹ́fúlẹ́.

"Ẹ bá mi tú u. Ìdè rẹ̀ le."

Kamen wo òwú náà, ó wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Kì í ṣe ọmọ yẹn."

Kamen gbé ẹ̀ka náà lé fèrèsé, ó ń tú òwú náà díẹ̀díẹ̀. Ìka rẹ̀ gbóná. Nevena mọ̀ pé ó gbóná, bí ó ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rọ gbóná látẹ̀yìn ìbọ̀wọ́.

"Ta ló so ó?"

"Màmá mi."

Kamen so ó mọ́ ẹ̀ka náà.

"Ẹ so ti màmá yín tì í," ni Nevena wí.

Nevena fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó gbẹ ẹ́. Àmì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbi tí òwú náà ti wà. Ó kan ilẹ̀kùn Tsvetana, ó wọlé, ó sì fa lẹ́tà náà yọ lápò, ó fi lé e lọ́wọ́.