Ẹ Má Pè Mí Padà Mọ́

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 2016, ìyàwó mi kú. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á.

N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ní ilẹ̀ Tibẹ́ẹ̀tì tí a ti sá wá, àti ní abúlé tí a tẹ̀dó sí ní gúúsù Íńdíà yìí, a kì í pe orúkọ òkú. Fún ọ̀sẹ̀ méje, ẹni tó kú ń wá ọ̀nà ibi tí a ó ti tún un bí, a sì ń tan àtùpà tí bọ́tà jẹ́ epo rẹ̀ fún un kí ó lè ríran. Bí a bá pè é, yóò yíjú padà. Bí ó bá ń yíjú padà ṣáá, ọ̀sẹ̀ méje á pé, ọ̀nà á dí, á wá di alárìnkiri.

Mo ti mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà. Síbẹ̀, láràárọ̀, bí mo bá ti gbé omi tíì kaná, ẹnu mi á ti pè é kí n tó ronú. Ngodup, aládùúgbò mi, ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri.

"Bàbá Choezom, ẹ tún ti pè é," ni ó wí. Orúkọ ọmọ wa tó wà ní Kánádà ni wọ́n fi ń pè mí. "Nígbà ayé rẹ̀, ẹ kì í pè é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ìgbà tó kú tán lẹ wá mọ orúkọ rẹ̀."

"Lọ bọ́ màlúù rẹ," ni mo dá a lóhùn.

Nínú ọ̀sẹ̀ keje ni mo lá àlá náà.

Inú yìnyín ni àgbàdo wa dúró sí. Abúlé yìí kò rí yìnyín rí, ṣùgbọ́n ó bo ilẹ̀ dé orókún, ewé àgbàdo sì tutù yọ̀yọ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ilé wa wà láàárín, kò ní òrùlé. Ìyàwó mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lọ́ òwú àtùpà bọ́tà bí ó ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́: á já òwú díẹ̀, á fi itọ́ rin ìka, á yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́.

N kò lè sún mọ́ ọn. Mo kàn dúró.

"Òwú àtùpà tí ẹ ń lọ́ fún mi nípọn bí ìrù àgùntàn," ni ó wí, láì gbójú sókè. "Èéfín rẹ̀ ń ta mí lójú."

"N kò lọ́ òwú rí kí o tó kú. Ìwọ lò ń ṣe é."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ṣe é."

Ó to àwọn òwú náà lẹ́sẹẹsẹ sórí yìnyín.

"Ọ̀nà tí mo wà ṣókùnkùn, Bàbá Choezom. Àtùpà kan ni mo ń tẹ̀lé. Bí mo bá ti fẹ́ dé ìdí rẹ̀, ẹ ó pè mí. Bí mo bá yíjú, àtùpà náà á kú."

"N kì í mọ̀ọ́mọ̀ pè ọ́."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ro ọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má pè mí padà mọ́. Bó bá dé ọ̀fun yín, ẹ fi tíì gbé e mì."

Mo bi í bóyá òtútù ń mú un. Ó gbọn òwú kúrò lára aṣọ, ó dìde, ó gba àárín àgbàdo lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ yìnyín náà. Orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo pa eyín dé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jí, pẹ̀lú eyín pípadé. Ilẹ̀ ti mọ́, ooru sì ti ń mú nínú yàrá. Mo gbé omi kaná. Nígbà tó hó, orúkọ náà dé ọ̀fun mi, bí ó ti máa ń dé. Mo fi tíì gbé e mì. Ó bó mi lẹ́nu.

"Bàbá Choezom," ni Ngodup wí láti ẹ̀yìn ògiri, "ṣé àlàáfíà ni? Mi ò gbọ́ yín lónìí."

"Àlàáfíà ni. Ó ti ń lọ."

Mo gbọ́ tí ó ń da omi fún màlúù rẹ̀.

N kò pè é títí ọ̀sẹ̀ náà fi pé. Àwọn mọ́ńkì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn wa, wá ka àdúrà ìkẹyìn, mo sì kó ẹrù rẹ̀ jáde sójú oòrùn kí wọ́n lè mú èyí tí wọ́n bá fẹ́. Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìyí: aṣọ aláwọ̀ púpọ̀ tí obìnrin tó ti lọ́kọ ń so mọ́ iwájú, méjì, bàtà òjò, gíláàsì ojú tí a fi okùn so lápá kan, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tí ìka ti jẹ, irúgbìn ata nínú agolo mílíìkì, rédíò tí kò gba ju ibùdó kan lọ, àti kápẹ́ẹ̀tì kan tí ó ń hun lórí òfì, tí ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ òwú títa lásán.