Ọ̀rọ̀ Tí Ògbufọ̀ Kò Tú

Bí oníwàásù bá ń sọ Òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òmù-Èkìtì, Ògúndélé ni ògbufọ̀, ọdún kejìlélógún rèé. Nígbà tí Wọlé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, gbé fíìmù àtijọ́ kan láti Ìbàdàn dé fún ọjọ́ àwọn ọmọdé, fíìmù tí kò lóhùn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ló ń yọ lára ògiri láàárín eré, ta ni wọn ì bá tún gbé máíkì fún? Baba ò bèèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Wọ́n fa kọ́tìnì, eré bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ kan he ọmọ jòjòló ní ibùdó rélùwéè, ó pọ̀n ọ́n, ó sì ń fá irun oníbàárà. Ni ọmọ bá nawọ́, ó fi ọṣẹ kun oníbàárà títí dé imú. Ọlámipọ̀sí, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí Ògúndélé ń tọ́, ló rẹ́rìn-ín jù lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ṣùgbọ́n Ọlámipọ̀sí ni Ògúndélé ń wò. Bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe pọ̀n ọ́n lọ oko kòkó, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú sórí ìbí ní Ayégbajú tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà á. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ọmọ nìkan ni kò mọ̀.

Nígbà tí ọmọ inú fíìmù dàgbà, ọ̀rọ̀ mìíràn yọ: onígbàjámọ̀ ń sọ fún ọmọ pé òun kọ́ lòun bí i.

Ògbufọ̀ gbé máíkì sẹ́nu. “Ó ní... ó ní kó múra sí ẹ̀kọ́ rẹ̀!”

“Bàbá, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ nìyẹn o!” Ọlámipọ̀sí ti dìde, inú ẹ̀ ń dùn pé òun náà gbọ́ Òyìnbó. “Wọ́n ní òun kọ́ ló bí i. Ṣe ló he é.”

Ó wò yíká kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín. Àgbà kan ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ tẹjú mọ́lẹ̀. Wọlé ń tún wáyà tí kò bà jẹ́ ṣe. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ti Ògúndélé ò tiẹ̀ tó ogún. Ọmọ náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá?”

“Jẹ́ á dé ulé ná, ọmọ mi.”

Ọlámipọ̀sí ò dúró kí wọ́n délé. Ó bọ́ síwájú, ó gba máíkì lọ́wọ́ Ògúndélé bí ẹni tó fẹ́ bá a tú èyí tó kù.

“Ọmọ náà ní,” ó sọ ọ́ ketekete, “ṣé òun ṣì lè máa pè yín ní bàbá?”

Ògúndélé gbójú sókè wo ògiri. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ṣáà ń nu omijé ni.

“Máa pè mí,” ni baba wí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi, máa pè mí.”