Gbólóhùn Méjì Níwájú Alága

Títí di òní, bí mo bá délé ẹni tí wọ́n sì gbé omi tutù síwájú mi nínú ife gíláàsì, màá kọ́kọ́ gbóòórùn ẹnu ife náà, màá wá ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Àwọn èèyàn rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló kó mi nírìíra.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń tún yàrá ṣe, yàrá mẹ́rìnlá lójúmọ́, ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, o gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, o gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, o gbọ́dọ̀ fọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó o tó wá kan ife méjì tó wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán, àfi tó bá gba ẹ̀bùrú. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa ló fi ẹ̀bùrú náà han àwa tuntun lọ́jọ́ kejì tá a dé. Ó mú aṣọ ìnura tí àlejò ti lò, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nu ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó mí hàà sínú ife kan, ó fi aṣọ náà yí inú rẹ̀ po, ife bá ń dán gbinrin. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan kan." Gbólóhùn yìí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, òun la sì sọ di orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ-ò-rí-nǹkan là ń pè é.

Inú rìn mí lọ́jọ́ náà débi pé n ò lè jẹun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, inú ò rìn mí mọ́, èmi náà ti ń nu ife bó ṣe ń nù ún. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn bí mo bá rántí, pé kò pẹ́ rárá kó tó mọ́ mi lára.

Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Òun ń lọ aṣọ ní yàrá aṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé, ọdún mọ́kànlá ló ti fi dúró nídìí áyọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ yìí ló fi rán mi nílé ìwé, òun náà ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí kì í purọ́ ni, kì í sì í bá onírọ́ ṣeré.

Lọ́dún yẹn, Alága tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn àlejò ń ráhùn pé bí wọ́n bá bi wá ní nǹkan, ẹ̀rín la fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n bá mú tíṣà kan wá, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí lọ́fíndà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, bá a bá ti ṣíwọ́ lọ́sàn-án, a ó jókòó sí yàrá ìjẹun òṣìṣẹ́, ọwọ́ wa á ṣì máa rùn fún ọṣẹ ìfọlẹ̀, lọ́fíndà Tíṣà á tún wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Òórùn méjèèjì kò bára wọn mu.

Odindi oṣù kan ló fi kọ́ wa ní ẹyọ ẹ̀kọ́ kan. Ó ní ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi sọ ohun téèyàn ti ṣe. Bó o bá fẹ́ dárúkọ ìgbà, bí àná, bí ọdún tó kọjá, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, o ó sọ pé o ṣe é nígbà náà, ó parí. Bó bá jẹ́ pé ohun tó o fẹ́ káyé mọ̀ ni pé o ti ṣe é rí, pé ó wà lára ohun tójú rẹ ti rí láyé, o ò ní dárúkọ ìgbà kankan, bí o ó sì ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ á yàtọ̀. Mo ti lúwẹ̀ẹ́ nínú odò rí. Mo lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ní ká máa so méjèèjì pọ̀, kí èkíní ṣílẹ̀kùn, kí èkejì dárúkọ ọjọ́.

Òfin kan ṣoṣo tó fi lélẹ̀ ni pé a ò gbọ́dọ̀ kọ irọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, aláwàdà ni, kọ ọ́ pé òun ti bá ọba jẹun rí, òun bá a jẹun lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà fa ojú ewé náà ya. Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ tèèyàn gan-an ló máa ń dúró lórí, kí kálukú kọ ohun tó ti ṣe rí níbi iṣẹ́ yìí, kì báà jẹ́ ohun ìtìjú, torí òun nìkan ló máa kà á.

Ìyá Kékeré jókòó tì mí, ó ń jẹ ìdí bírò. Ó bi mí pé kí lòun fẹ́ kọ, kí ni obìnrin tó ń lọ aṣọ ti ṣe rí yàtọ̀ sí aṣọ lílọ̀. Èmi ni mo rán an létí. Mo ní, ọjọ́ tí ẹ sùn lọ fọnfọn lórí òkìtì aṣọ ibùsùn ńkọ́? Ojú tì í díẹ̀, lòun náà bá rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀ gbagẹrẹ: mo ti sùn nínú yàrá aṣọ rí; mo sùn níbẹ̀ ní Ọjọ́rú tó kọjá. Mo bá a tún un ṣe títí tí kò fi ní àṣìṣe kankan.

Bí a ṣe parí, Tíṣà kó ìwé wa jọ, ó ní kí n bá òun gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ẹ-ò-rí-nǹkan, pé ibẹ̀ lòun ń tọ́jú ẹ̀ sí. Mo gbé e. Ìwé mẹ́tàdínlógún ni mo gbé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, n ò sì béèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ-ò-rí-nǹkan ránṣẹ́ pe Ìyá Kékeré, mo sì tẹ̀ lé e. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ẹ-ò-rí-nǹkan tọ́ ìka rẹ̀ lá, ó ṣí ewé kan, ó tún ìka lá, ó ṣí òmíràn, itọ́ rẹ̀ ń dán lára bébà tí Ìyá Kékeré fi làálàá kọ̀wé sí. Ó wá ka gbólóhùn méjèèjì sókè, ó ní ẹni tó bá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ kò níṣẹ́ mọ́, pé lẹ́tà ti wà nílẹ̀, Alága á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó bá wá gbọ́ ohun tí a kọ́ ní ìparí kíláàsì.

Ìyá Kékeré ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú yẹn, ẹnì kejì rẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù kò wá, Ẹ-ò-rí-nǹkan fúnra rẹ̀ ló sì ní kó ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, láti ìdájí. Ẹsẹ̀ ló yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ó wá oorun lọ. Ọkùnrin yìí, tí àbúrò àbígbẹ̀yìn Ìyá Kékeré fi ọjọ́ orí jù, gbójú sókè wò ó.

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà," ló wí. "O ò kọ 'nítorí' kankan síbẹ̀."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àbúrò ìyàwó Ẹ-ò-rí-nǹkan ti wá wo yàrá aṣọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn, ó ń bi wá bí áyọ́ọ̀nù náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Mo lọ bá Tíṣà. Ó ń fi ìka gbọn ẹfun kúrò lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, kò wojú mi. Ó ní wọ́n ní kóun máa kó ìwé náà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì ń kó o wá, òun ò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Mo pòṣé. Mo fẹ́ sọ fún un pé irú rẹ̀ ń rí mi lára, ni mo bá rántí ẹni tó gbé ìwé náà dé orí tábìlì tí òun náà ò sì béèrè nǹkan kan.

Nílé, Ìyá Kékeré ká ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sórí àga, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń lọ̀ ọ́. Kò bínú sí mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní kí n kọ ọ́."

Ọjọ́ tí Alága fẹ́ wá, Ẹ-ò-rí-nǹkan rí i pé ife oníke ló kún yàrá ìjẹun wa, ojú ń tì í. Ó ní kí n lọ mú ife gíláàsì mẹ́ta wá láti inú yàrá, kí n nù ún dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, n ò ṣe ohun tí mo ṣe láti gbẹ̀san. Aṣọ ìnura wà léjìká mi láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yàrá kejìlá, ọwọ́ mi fà á, ó nu ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń dán. Àfi ìgbà tí mo gbé wọn kalẹ̀ tán níwájú Alága ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Tíṣà bu omi sínú wọn, ó fa tirẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Alága mu díẹ̀, ó di ife rẹ̀ mú, ó ní ká máa sọ̀rọ̀. Lẹ́tà Ìyá Kékeré wà níwájú rẹ̀, bírò wà lórí ẹ̀. Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ti kó ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wá láti dá a padà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń dìde. Àwọn tó ṣáájú mi ti gbọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Wọ́n ti nu fèrèsé rí, wọ́n nù ún lánàá. Wọ́n ti kí àlejò rí, wọ́n kí i láàárọ̀. Alága mu díẹ̀ sí i, ó mi orí. Bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ni mò ń wò. Ó wá kàn mí.

"Mo ti fi aṣọ tí mo fi nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nu ife omi rí," mo wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Mo fi nu èyí tó wà lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí."

Ẹ-ò-rí-nǹkan fò dìde, ó ní kí Alága má dá mi lóhùn, pé Gẹ̀ẹ́sì ò yé mi, n ò mọ ohun tí mò ń sọ. Alága yíjú sí Tíṣà, ó bi í bóyá ohun tí mo sọ tọ̀nà. Tíṣà wo ìdí ife rẹ̀ tó ti gbẹ. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, sà," ló wí.

Alága bi mí pé nítorí kí ni. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi wá nílé yẹn nìyẹn. Mo sọ fún un nípa ogún ìṣẹ́jú, mo sọ ẹni tó kọ́ mi, mo sì ní kó bi obìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn náà ní nítorí kí ni kó tó fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀. Ìyá Kékeré dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọsẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀, ọjọ́ méjì náà, iṣẹ́ ẹni méjì náà, àti orúkọ ẹni tó ní kó ṣe é.

Alága gbé ife náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu, ó tún nù ún. Ó wá mú bírò, ó fa igi lé orúkọ Ìyá Kékeré nínú lẹ́tà náà, ó bi mí ní orúkọ mi, ó kọ ọ́ sí òkè rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ-ò-rí-nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ra aṣọ pupa tí wọ́n ní ife nìkan ni kí wọ́n máa fi nù, ogún ìṣẹ́jú ṣì ni ogún ìṣẹ́jú. Ìyá Kékeré ló ń lọ àwọn aṣọ pupa náà. Ó ní wọ́n máa ń dé ọ̀dọ̀ òun pẹ̀lú òórùn tí òun mọ̀ dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi nínú ilé, ó sì bu omi fún mi nínú ife tirẹ̀, èyí tó ti wà nílé yẹn kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo gbà á. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ìyá Kékeré rí mi. Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó sì lọ tún un fọ̀.