Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

“Mo lóyún,” ni Ludomir wí, ohùn rẹ̀ tutù bí òkúta etí odò. Ó yí ojú ìwé, ó ní, “Ta ló ni ín?” Ó tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé, “Ìwọ ni, òmùgọ̀.”

Lẹ́yìn gíláàsì yàrá ìgbohùnsílẹ̀, Bogna bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gbẹ́ni Ludomir, ẹ kú oríire o! Ó ku ká lọ ra aṣọ ọmọ.”

Iṣẹ́ tí ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta yìí ń ṣe nílùú Łódź nìyẹn. Bí sinimá bá ti òkèèrè dé, òun ni wọ́n ń pè kó fi èdè Pólándì ka ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọlọ́pàá àti olè, lóhùn kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bogna ló ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún wá. Opó ni Bogna. Ìyàwó Ludomir ti kọ̀ ọ́ tipẹ́. Síbẹ̀ ‘ẹ’ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ wá jókòó. Ẹ tún ìlà kẹta kà. Ó dọ̀la o, ẹ máa rọra lọ.

Òní ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni Bogna máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú Gdańsk ti tún yàrá kan ṣe fún un. Ó yan kéèkì ápù wá fi dágbére, gbogbo ènìyàn sì ti jẹ nínú rẹ̀ àfi Ludomir, tó ní òun ti yó.

Àwọn ará Ajẹntínà ló ṣe sinimá tó ń kà lọ́jọ́ náà. Àbúrò Delfina ló lóyún, ṣùgbọ́n Delfina gan-an ló ni ìtàn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù. Ernesto ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n fi jọ ń mu kọfí láràárọ̀, Ernesto kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí Ludomir kà á dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń fi àwo bo kọfí Delfina kó má baà tutù, orí rẹ̀ wú. Òun náà a máa gbé tíì Bogna sórí irin tó ń mú yàrá gbóná, nígbà òtútù. Ta ló lọ sọ fún àwọn ará Ajẹntínà?

“Ọ̀dẹ̀ ni Ernesto yìí o,” ni Bogna wí sí i létí láti inú ohun ìgbọ́rọ̀. “Ogún ọdún! Kí ló dì í lẹ́nu?”

“Bóyá ẹ̀rù ń bà á.”

“Ẹ̀rù kí ni? Kí wọ́n má gba kọfí lọ́wọ́ ẹ̀?”

Ludomir ṣí ojú ìwé tó kàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti bá àìmọye òṣèré sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀ rí.

Wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Delfina gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọkọ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Ernesto ṣí fìlà. Òfìfo ni ìwé iwájú Ludomir níbẹ̀: odidi ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ló máa fi ń mumi. Ó gbé ife, ó tún gbé e kalẹ̀.

“Má lọ,” ló wí.

Ohùn náà kò tutù rárá. Ó gbọ̀n, ó sì ga ju èyí tí ó mọ̀ sí tirẹ̀ lọ.

Bogna dá ẹ̀rọ dúró. Delfina dúró gbagidi lójú àwòrán, tòun ti ẹsẹ̀ kan lókè.

“Ọ̀gbẹ́ni Ludomir, ìyẹn ò sí nínú ìwé.”

“Mo mọ̀.”

“Ernesto ò lanu.”

“Kì í ṣe Ernesto ló sọ̀rọ̀.”

Bogna rọra ní, “‘Má lọ’ lẹ wí. Ẹ ò ní ‘Ẹ má lọ.’”

Ojú ti Ludomir gidigidi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú…”

“Ta ló ń bínú?” Ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti wọlé tọ̀ ọ́ wá, irun rẹ̀ rí pẹlẹbẹ níbi tí ohun ìgbọ́rọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. “Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ. Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé mi ò ní padà. Àbí ta ló bi mí?”

“Mi ò bi yín.”

“‘Yín’ kẹ̀! O tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Ludomir rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà kà bí ẹni tó ṣi ìlà kan kà: “Mi ò bi ọ́. Ṣé o máa padà?”

“Mi ò tíì mọ̀. Wá sí Gdańsk ní Sátidé tó ń bọ̀, ká jọ rìn létí òkun, ká jọ rò ó. Ṣùgbọ́n ká parí iṣẹ́ yìí ná. Owó ìjọba ni.”

Ó padà sẹ́yìn gíláàsì. Nígbà tí àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, Ludomir fi òfìfo náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọkọ̀ gbé Delfina lọ. Ernesto ń darí relé, ó pàdé aládùúgbò rẹ̀ kan, ó kí i.

“Ojú ọjọ́ mà dára lónìí,” ni Ludomir kà, lóhùn tútù tó yẹ iṣẹ́ náà.

Àánú Ernesto ṣe é. Láàárọ̀, kò lè ya àánú Ernesto sọ́tọ̀ kúrò lára àánú ara rẹ̀. Ní báyìí, àánú ẹlòmíràn lásán ni.